Ọmọ mi ò tíì lè dá rìn, ṣé eré ìdárayá ò ní pa á lára?

Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ọmọkùnrin ẹ̀ ti pé ọdún 7, ó ní cerebral palsy, ẹsẹ̀ méjèèjì ló le, ó máa ń dìde tó bá rí nǹkan dì mú, ó sì máa ń fẹ̀gbẹ́ ògiri rìn, ṣùgbọ́n kò lè dá rìn. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń lọ fisió, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi eré ara tọ́jú iṣan àti oríkèé, torí owó mọ́tò àti owó ìtọ́jú. Wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé, tí àwọn yòókù bá sì jáde fún PE, ìyẹn ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, wọ́n á gbé e jókòó sábẹ́ igi. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní kí wọ́n má yọ ọmọ lẹ́nu, ọkọ ẹ̀ ní kó kọ́kọ́ rìn ná ká tó máa sọ̀rọ̀ eré. Ìbéèrè ẹ̀ ni pé, ṣé eré ìdárayá ò ní dá kún àìlera ọmọ òun, báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó, kí sì ni òun lè ṣe nílé nígbà tí ò sówó wọ́kà, irin tọ́mọ máa ń dì mú rìn?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Mo ka lẹ́tà yín dáadáa, ibi tó ń kó yín lọ́kàn sókè jù ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀: rárá, eré ìdárayá ò ní dá kún un. Ìjókòó abẹ́ igi yẹn gan-an ló ń ṣe é ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe rí. Cerebral palsy kì í ṣe àìsàn ẹsẹ̀, ọpọlọ ló fara gbá a, bóyá nígbà tọ́mọ ṣì wà nínú oyún, bóyá nígbà ìbí, bóyá kété lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọmọ tí ò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i la máa ń rí, tí atẹ́gùn ò tètè dé ọpọlọ ẹ̀, àbí jọ́ńdíìsì tó le gan-an tí wọn ò tètè gbé dé ọsibítù, àbí àrùn tó wọ inú ọpọlọ lọ. Ohun tó ṣe ọpọlọ yẹn ti ṣe é tán, kì í gbèèrú sí i. Ara ló ń yí padà. Ọmọ ń ga, eegun ń gùn, iṣan tó le yẹn ò sì bá eegun gùn bó ṣe yẹ, tí wọn ò bá wá lò ó á máa kúrú sí i, oríkèé ara á máa gan, eegun tí ò gbé ìwúwo ara rárá á fúyẹ́, á wá rọrùn láti kán. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tí ara ẹ̀ ń le sí i lọ́dọọdún, ẹ má rò pé àìsàn yẹn ló ń tàn kálẹ̀ o, ìdàgbà pẹ̀lú àìlo ara ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Àwa ò lágbára lórí ìdàgbà, àìlo ara nìkan ni apá wa ká, òun náà la sì máa bá jà.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà eré ìdárayá jáde ní 2020, ìgbà yẹn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọdún 5 sí 17 tó ní ìpèníjà náà nílò bíi 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ìyẹn tá a bá pín in dọ́gba sáàárín ọ̀sẹ̀, kó jẹ́ eré tó máa mú un mí sókè mí sílẹ̀ díẹ̀, kí èyí tó ń kọ́ iṣan lágbára sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Wọ́n wá sọ ọ́ gbangba pé kò séwu ńlá kan níbẹ̀ tó bá ti bá agbára ọmọ àti ìlera ẹ̀ mu, àǹfààní ẹ̀ ju ewu ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé 60 ìṣẹ́jú yẹn á ti dẹ́rù bà yín. Ẹ fara balẹ̀. Ní ìlú ọba, àwọn ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba gbé tiwọn jáde ní 2022 fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, wọ́n ní 120 sí 180 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ kan máa ṣe wọ́n láǹfààní gidi, pé kékeré náà sì dáa. Tẹ́ ẹ bá ṣe 20 ìṣẹ́jú lójúmọ́, 140 nìyẹn lọ́sẹ̀, ẹ ti débẹ̀. 20 yẹn náà ò sì ní láti jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, 5 láàárọ̀ kó tó wẹ̀, 10 tó bá ti ilé ìwé dé tó jẹun tán tó sinmi, 5 lálẹ́. Ẹ jẹ́ n fi eléyìí kún un: ọmọ tó ní cerebral palsy máa ń ná agbára tó pọ̀ gan-an ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ láti rin ìrìn kan náà, nítorí náà tó bá ní ó ti rẹ òun, ẹ gbà á gbọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Kó sinmi, kó mu omi, kó tún padà sí i.

Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ wá kàn. Ó yé mi o, bàbá wo ni ò ní fẹ́ kọ́mọ òun rìn? Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín jẹ. A máa ń pín àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy sí ìpele 5, bí kálukú ṣe ń lo ara ẹ̀ sí, Robert Palisano àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní CanChild, ibi ìwádìí nípa àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara ní McMaster University, Kánádà, ló gbé e jáde ní 1997, òun la sì ń lò káàkiri títí dòní. Ìpele 1 ni àwọn tó ń dá rìn tó ń sáré, ìpele 5 ni àwọn tí kì í lè gbé orí dúró dáadáa tó jẹ́ pé wọ́n máa ń tì wọ́n káàkiri lórí wíìlìshíà ni. Mi ò tíì fojú rí ọmọ yín, fisió yín ló máa sọ ọ́ pàtó, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yẹn, ó jọ ìpele 3, ìyẹn ọmọ tó ń fi wọ́kà àbí igi rìn. Ní Kánádà níbẹ̀ náà, wọ́n tọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọmọ báyìí lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan, ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ọmọ ìpele 3 máa lè fi ara ṣe ti máa ń hàn kó tó pé ọdún 5, àti pé tó bá ti ń di ọ̀dọ́, àwọn ìpele 3 sí 5 lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù lára ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ ka ibẹ̀ yẹn sétí bàbá ọmọ dáadáa, mà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́kà lọmọ yín á máa fi rìn lọ, kó sì kàwé, kó ṣiṣẹ́, kó bímọ. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fún un ni pé kí agbára tó ní yìí má sọ nù, kó sì pọ̀ dé ibi tó bá lè pọ̀ dé, àwọn ọdún tẹ́ ẹ fi ń dúró dè é kó rìn ná yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fi kó agbára yẹn jọ. Eré kì í ṣe ẹ̀bùn tá a máa fún un tó bá rìn tán. Ó tọ́ sí i lónìí, lórí wọ́kà, lórí ẹní, lórí ìdí ẹ̀, bó bá ṣe lè ṣe é.

Ó yá, nílé. Ẹ wá àpótí kan tó ga díẹ̀, tó jẹ́ pé tọ́mọ bá jókòó lé e ìdí ẹ̀ á ga ju orúnkún ẹ̀ lọ. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, gìgísẹ̀ náà kó kanlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa ẹsẹ̀ yẹn sẹ́yìn díẹ̀ kí orúnkún wá wà lọ́gangan òkè ìka ẹsẹ̀. Kó wọ bàtà, tí wọ́n bá ti fún un ní splint, ìyẹn ike tó ń di ẹsẹ̀ mú kó dúró bó ṣe yẹ, ní ọsibítù kó wọ̀ ọ́. Ẹ gbé tábìlì síwájú ẹ̀, abọ́ kan lórí tábìlì, abọ́ kejì nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ẹ kó ìdérí ìgò omi sínú ti ilẹ̀. Á mú ẹyọ kan, á dìde dúró, á jù ú sínú abọ́ orí tábìlì, á tún rọra jókòó. Mo ní á rọra jókòó o, kó má kàn jan ìdí mọ́lẹ̀, torí ìrọra-jókòó yẹn ń kọ́ iṣan itan bí ìdìde ṣe ń kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, ọwọ́ yín ní ìbàdí ẹ̀, ẹ má fà á lọ́wọ́ sókè, tẹ́ ẹ bá ti ń fà á lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yẹn kì í ṣe òun mọ́. Kó ṣe é tó 8 sí 10, kó sinmi bí ìṣẹ́jú 2, kó tún ṣe é, ìgbà 3, ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ọjọ́ kan sáàárín. Tí méjì tó gbẹ̀yìn bá le fún un díẹ̀, tó ń gbọ̀n tó ń lọ́ra, ó dáa, ibẹ̀ la fẹ́ dé. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá rọrùn fún un, ẹ fi àpótí tó rẹlẹ̀ jùyẹn lọ rọ́pò ẹ̀, tíyẹn náà bá tún rọrùn, ẹ rọ ìrẹsì díẹ̀ sínú báàgì ilé ìwé ẹ̀ kó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ṣe é. Láyé àtijọ́, àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń gbọ́ pé tẹ́ ẹ bá ń kọ́ iṣan tó ti le lágbára, á tún le sí i ni, ìwádìí ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà tẹ́nì kan bá tún sọ ọ́ fún yín ẹ má jẹ́ kó pá yín láyà.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì, tí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín: ẹ dín gbígbé ẹ̀ kù. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, mo tún mọ̀ pé ó yá ju kéèyàn máa dúró dè é, pàápàá láàárọ̀ tí gbogbo ilé ń sáré. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá gbé e láti yàrá dé pálọ̀, ẹ ti gba ìrìn kan lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jí i ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ìgbà tẹ́ ẹ máa ń jí i, kó fẹ̀gbẹ́ ògiri lọ bálùwẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ kó àga kúrò lọ́nà, ẹ nu omi tó bá wà nílẹ̀. Kó dúró fọ ẹnu, kó fàyà ti sínkì tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá lè dì í mú. Kó bá yín dúró fọ abọ́. Ẹ̀yìn tiyín náà ńkọ́? Ọmọ ọdún 7 ti wúwo ju ohun téèyàn ń pọ̀n lọ, mo sì ń rí àwọn ìyá tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tiwọn la wá ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ eré fúnra ẹ̀ wàyí, torí ọmọ ò ní fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ju ìdérí ìgò. Ẹ rántí ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọ á dìwọ́ mú yí po, ẹran á wà láàárín, ẹkùn á wà níta tí á máa wá ibi tó máa gbà wọlé. Ẹ fi ọmọ yín sínú àwọn tó dìwọ́ mú yẹn, kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tàbí ọmọ àǹtí ẹ̀ kan tó lágbára wà lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: ẹkùn á taari síbí, gbogbo wọn á fì sọ́tùn-ún, ẹkùn á sáré lọ sọ́hùn-ún, wọ́n á fì sósì, ọmọ yín á máa gbé ìwúwo ara ẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí ìkejì pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀rín, ohun tí mo lè fi odindi wákàtí kan bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe fún mi ní yàrá ìtọ́jú kó má ṣe é. Tó bá wá kan òun láti di ẹkùn, ẹ yí òfin padà, kí gbogbo wọn, ẹran, ẹkùn, àtàwọn tó yí po, wà lórí orúnkún. Ẹ pe àwọn ọmọ yẹn jọ kẹ́ ẹ bá wọn ṣàdéhùn òfin yẹn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi àwọn fúnra wọn léèrè báwo la ṣe máa ṣe é tí gbogbo wa á fi lè ṣe é. Ọgbọ́n àwọn ọmọdé lórí ọ̀rọ̀ yìí ju tiwa lọ. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ dín díẹ̀ kó má bàa máa yí jìnnà, kó jókòó sórí ẹní ṣe gólì, àbí kó gbá a látorí ìdúró nígbà tó di àga mú. Tẹ́ ẹ bá ní àǹfààní ibi ìwẹ̀, omi dáa fún un gan-an torí omi ń bá a gbé ara ẹ̀, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kan wà nínú omi yẹn pẹ̀lú ẹ̀ lọ́wọ́kọ́wọ́, pàápàá tó bá ní wárápá, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní cerebral palsy ló sì ní in.

Nípa ilé ìwé. Ẹ má kọ́kọ́ bínú lọ, ọ̀pọ̀ tíṣà ni ẹ̀rù ń bà pé ọmọ á ṣubú sí àwọn lọ́wọ́, wọ́n á sì ní àwọn ló fà á. Ẹ lọ bá a pẹ̀lú nǹkan méjì tọ́mọ lè ṣe, ẹ yà á ní fídíò sórí fóònù yín kí tíṣà fojú rí i: bó ṣe ń dìde látorí àpótí, bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Kó máa ṣe ìyẹn ní PE, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, nínú oòrùn tí wọ́n wà, kì í ṣe lábẹ́ igi. Ẹ sọ fún tíṣà pé ìṣubú kékeré wà lára ẹ̀, ẹ̀yin ò ní ba wọn jà. Tí wọ́n bá wá kọ̀ jálẹ̀, ẹ rán ọ̀gá ilé ìwé létí pé òfin wà: Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ta ko ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní oṣù January 2019, òfin yẹn sì fún ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí pé wọ́n ń yà á sọ́tọ̀. PE wà lára ẹ̀kọ́.

Ibi tó ti yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra náà wà. Kí iṣan ro ó díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò burú. Ṣùgbọ́n ìrora tí ò lọ lẹ́yìn ọjọ́ 2, oríkèé tó wú, ọmọ tó ń ké tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya itan ẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́, gìrì tó ń pọ̀ sí i, àbí ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí ò lè ṣe mọ́, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ gbé e lọ rí dókítà. Ẹ tún bi wọ́n ní ọsibítù nípa ẹ́síréè ìbàdí, torí eegun itan àwọn ọmọ bíi tiẹ̀ lè máa yọ kúrò ní àyè ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora níbẹ̀rẹ̀, ẹ́síréè ló máa ń fi hàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òróró gbóná wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ tipátipá pé òun fẹ́ nà án. Mo ti rí eegun itan ọmọ tó kán nídìí ẹ̀. Kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á pẹ̀lẹ́ kára tù ú ò burú, kẹ́ ẹ fipá nà án ló burú.

Fisió ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù yẹn tó, tẹ́ ẹ bá lò ó dáadáa. Ẹ má gbé ọmọ sílẹ̀ fún wọn kẹ́ ẹ lọ jókòó síta. Ẹ wọlé, ẹ ní kí wọ́n kọ́ ọwọ́ yín, kí wọ́n wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe ti àpótí yẹn, kí wọ́n mú nǹkan kan tàbí méjì péré fún yín tẹ́ ẹ máa ṣe nílé títí ẹ ó fi padà wá. Wọn ò gbọ́dọ̀ fún yín ní mẹ́wàá, ẹ ò ní ṣe é.

Ẹ̀yin òbí yòókù tẹ́ ẹ ń kà á, tọ́mọ tiyín bá jẹ́ afọ́jú, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé bọ́ọ̀lù kó máa dún bó ṣe ń yí. Tó bá jẹ́ adití, ẹ jẹ́ kí tíṣà máa ju aṣọ pupa sókè dípò fèrè. Tó bá jẹ́ Down syndrome, àìlera abínibí tó ń mú kí ara ọmọ rọ̀ kó sì máa lọ́ra láti kẹ́kọ̀ọ́, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ọrùn ẹ̀ wò kó tó ṣe òkìtì, torí eegun ọrùn àwọn kan nínú wọn ò dúró dáadáa.

Ti Màmá, ìyá ọkọ yín. Ẹ má bá wọn jiyàn, àánú ọmọ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí àwọn jẹ́ ẹni tó ń ka ìdìde ọmọ yẹn lórí àpótí, kí wọ́n jókòó síwájú ẹ̀ kí wọ́n máa kà á sókè, kí wọ́n máa ki ọmọ wọn ní oríkì tó bá ti fẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ẹ tún fi fídíò Folashade Oluwafemiayo hàn wọ́n, ọmọ Nàìjíríà tó gbé irin gba góòlù ní Paralympics Tokyo, ìyẹn ìdíje eré ìdárayá àgbáyé fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, tó tún gbà á ní Paris ní 2024, àti Eniola Bolaji tó gba idẹ nínú badminton ní Paris yẹn náà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gba mẹ́dà nínú ẹ̀ ní Paralympics. Mi ò ní kọ́mọ yín lọ Paralympics o. Mo kàn fẹ́ kí Màmá rí i pé ara tó ní ìpèníjà ń ṣiṣẹ́, ó ń làágùn, kò sì kú.

Ó wá ku wọ́kà tẹ́ ẹ ní kò sówó ẹ̀. Ẹ má ra wọ́kà ọmọ ìkókó, èyí tọ́mọ ń jókòó sínú ẹ̀ tó ní táyà yẹn, orí ìka ẹsẹ̀ ló máa kọ́ ọ láti máa tẹ̀, ó sì máa ń ṣe ọmọ léṣe, Kánádà ti fòfin de títà ẹ̀ láti 2004. Ẹ pe káfíńtà, kó ri òpó mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé kó dúró gbagidi, kó wá fi ọparun gígùn méjì dábùú lórí àwọn òpó yẹn, kí wọ́n lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kọ́mọ lè dì wọ́n mú lọ́tùn-ún lósì máa rìn láàárín wọn lọ bọ̀. Kó há a nínú ẹ̀ níwọ̀nba, kí ara ẹ̀ kàn kọjá pẹ̀lú àyè díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Fún gíga ẹ̀, ẹ mú ọmọ dúró pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ibi tí ọrùn ọwọ́ ẹ̀ bá dé ni kí ọparun wà, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ á wá tẹ̀ díẹ̀ tó bá dì í mú. Kó fá a dán kó má gún un lọ́wọ́. Ẹ tún un wọ̀n lóṣù mẹ́fà mẹ́fà torí ọmọ ń ga, tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń tẹ̀ríba síwájú tó bá ń rìn nínú ẹ̀, ọparun yẹn ti rẹlẹ̀ jù, ẹ ní kí káfíńtà gbé e sókè.